Sàfúrátù Wá Ọkọ Rẹ̀ Dé Ilé Ọtí Bẹ́líjíọ̀mù

Ẹni tó bá mọ Ìkòsí dáadáa á mọ ilé ọtí tuntun tó wà lẹ́yìn ilé epo, èyí tí wọ́n fi igi dúdú àti gíláàsì kọ́, tí wọ́n to àwọn àga kéékèèké síta níwájú rẹ̀ bí ẹni pé òjò kì í rọ̀ l'Ékòó. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní Bẹ́líjíọ̀mù nìyẹn. Èmi ò dé Bẹ́líjíọ̀mù rí o, ṣùgbọ́n mo ti jókòó níbẹ̀ jẹ, mo sì ti jókòó níbẹ̀ mu, mo sì lè sọ fún yín pé ọtí kan ò gbọdọ̀ wọ ife ọtí kejì. Ọtí kọ̀ọ̀kan ló ní ife tirẹ̀. Ọ̀kan rí bí òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ọ̀kan sanra bí ìkòkò ọbẹ̀, ọ̀kan sì ga débi pé ẹni tó bá fẹ́ mu ún gbọ́dọ̀ gun àga. Ẹ lè yọ díẹ̀ kúrò nínú èyí tó gbẹ̀yìn yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọtí kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó. Ọ̀rọ̀ Sàfúrátù ni, ìyàwó Rahmon, obìnrin tó gbé àpótí lérí lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí Sàfúrátù, nínú ilé àwọn tó ń hun aṣọ. Rahmon ló fẹ́ ẹ wá sí Kétu, nígbà tí Kétu ṣì ní igbó díẹ̀, tí àkùkọ ṣì ń kọ kí mọ́tò tó fun fèrè. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà ni Rahmon. Mọ́tò tó bá rún bí ìwé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀pà, á lù ú títí mọ́tò náà fúnra rẹ̀ á fi gbàgbé pé òun forí sọ nǹkan rí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ tó lu irin látàárọ̀ náà ló ń ta agídìgbo. Òun ló kan àpótí agídìgbo yẹn fúnra rẹ̀. Ó gé ahọ́n irin rẹ̀ láti ara sípíríǹgì mọ́tò àtijọ́, ó pọ́n ọn títí ó fi ń dán. Ó máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé mọ́tò ọba ńlá kan ni irin náà ti wá. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, òun ló wá gbà á gbọ́.

Ibi tí ilé gíláàsì yẹn wà lónìí, igi máńgòrò ńlá kan ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Abẹ́ Máńgòrò náà la sì ń pe ibẹ̀. Bẹ́ǹṣì ni a ń jókòó lé, fìtílà gáàsì ló ń tan ìmọ́lẹ̀ fún wa, ẹja àrọ̀ ibẹ̀ sì láta débi pé ọkùnrin á máa sunkún láìsí òkú nílẹ̀. Àwọn tó já tòmátì àti àlùbọ́sà látẹ̀yìn tírélà ní Mile 12 á ti wẹ̀, wọ́n á ti fi àtíkè para, òórùn àlùbọ́sà á ṣì máa tẹ̀lé wọn bọ̀ bí ajá. Rahmon á gbé àpótí lé itan. Èmi á máa mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Sàfúrátù lá máa gbé orin. Tọkọtaya náà ò mutí rí láyé wọn, mọ́ọ̀tì ni tiwọn. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, àwa tí a mu ún ò mọ ẹni tó yó jùra wọn lọ. Mo rántí ìrọ̀lẹ́ kan tí máńgòrò já bọ́ sínú ife ọkùnrin kan nígbà tí Sàfúrátù ń kọrin, tí ọkùnrin náà gbé ife ọ̀hún mu láì wojú ẹ̀. Máńgòrò náà ò sí nídìí ife nígbà tó gbé e sílẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Rahmon ní àbúrò kan tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Muideen lorúkọ rẹ̀. Èmi kì í ṣe ìyàwó ilé wọn, ẹnu mi gbà á. Ẹnu Sàfúrátù ò gbà á. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń pe àbúrò ọkọ yín ní Táyé, ní Dele, bí ẹni ń pe oníbúrẹ́dì, ẹ gbọ́: ìyàwó kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ, ọkọ ni. Àbúrò ọkọ, ọkọ ni. Ọmọ jòjòló tí wọ́n bá gbé sọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé, ọkọ ni, kódà kó tọ̀ sí i lára. Ìyàwó ló máa wo ìrìn kálukú, ìwà kálukú, tó máa fún wọn lórúkọ tí òun á máa pè. Muideen ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé nígbà tí Sàfúrátù dé. Ní gbogbo àárọ̀, á da omi sórí, á lọ dúró níwájú dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò tó bàjẹ́ kan nínú ọgbà Rahmon, á máa ya irun. Sàfúrátù wò ó, ó ní, "Ajísafẹ́." Ọ̀rọ̀ parí. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ajísafẹ́ dàgbà, ó lọ sí òkè òkun, wọ́n ní Bẹ́líjíọ̀mù ló dúró sí. Wọ́n gé máńgòrò. Rahmon kú. Sàfúrátù gbé àpótí kọ́ ara ògiri, ó fi aṣọ bò ó. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á fúnra rẹ̀ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ẹni tó bá jókòó ti alágídìgbo pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí àtàǹpàkò rẹ̀ ò bá mọ̀ ọ́n, àtàǹpàkò ọ̀hún ló yọ̀lẹ.

Lójijì ni Muideen dé. Ó wá kí Sàfúrátù ní Kétu, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó rí àpótí, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ìyàwó mi, ilẹ̀ Abẹ́ Máńgòrò ni mo rà. Ilé oúnjẹ ni mo fẹ́ ṣe síbẹ̀, pẹ̀lú eré. Lọ́jọ́ tí mo bá ṣí i, àpótí bọ̀dá mi ló máa kọ́kọ́ dún níbẹ̀."

Sàfúrátù di ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ àyà. Ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ já sínú omi ìfọṣọ, nọ́ńbà gbogbo bá a lọ. Muideen ń pè, kò wọlé, iṣẹ́ ilé náà ò sì jẹ́ kó ráyè padà wá sí Kétu. Ibi tí a wà nìyẹn tí Ọláńrewájú, àkọ́bí Sàfúrátù, ti wá ní kí ìyá òun kó wá bá òun ní Mende, pé ọjọ́ Monday lòun ń bọ̀ wá kó ẹrù. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ti Mende. Ẹni tó wà lókè kì í gúnyán níbẹ̀, nítorí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Sàfúrátù mọ̀ pé tí àpótí bá ti wọ ibẹ̀, ó ti di àga ìjókòó nìyẹn. Bí kò bá dún n'Íkòsí kí Monday tó dé, kò ní dún mọ́.

Ọjọ́ Friday la rí pátákó tí wọ́n gbé síwájú ilé gíláàsì: ọ̀la ni wọ́n máa ṣí i, ọ̀gbẹ́ni kan láti Gbàgádà ló máa fọn sasofóònù. Kò sí agídìgbo nínú ohun tí wọ́n kọ.

Sàfúrátù yí sí mi. "Bàbá Súmbọ̀, ẹ lọ mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yín."

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun àsárì lọ́jọ́ Saturday nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà. Godwin ló ń ṣọ́ ibẹ̀, ọmọkùnrin dúdú kan tó mọ́ra, tó gbọ́ Yorùbá ọjà.

"Mama, ẹ káàsán. A ò tíì ṣí o. Ta lẹ ń wá?"

"Ọkọ mi ni mò ń wá."

"Ọkọ yín ń ṣiṣẹ́ níbí?"

"Àwọn ló ni ibí."

Godwin wo àpótí orí rẹ̀, ó wò mí, ó tún wo àpótí. "Ọ̀gá Richard?"

"Mi ò mọ Richard kankan. Ajísafẹ́ ni."

"Kò sí Ajísafẹ́ níbí, Mama. Àfi tó bá wà ní kíṣìn."

"Kí ni ọkọ mi fẹ́ máa wá ní kíṣìn?"

Mo rò pé kí n bá wọn tún un ṣe. Mo ní, "Godwin, Muideen lorúkọ ẹni tí à ń wí."

"Baba, Muideen gan-an ò sí. Ọ̀gá wa, Richard ni."

Lẹ́yìn náà la wá gbọ́ pé àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Bẹ́líjíọ̀mù ni ò lè yí ẹnu sí Muideen, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Richard. Ibi tí mo wà yẹn, mi ò mọ̀. Godwin wọlé. Gíláàsì ò bo ohùn, mo gbọ́ ọ kedere: "Madam, one mama dey outside with big box for head. She say na her husband get this place."

Bẹ́ẹ̀ ni Testimony ṣe jáde. Ìyàwó Muideen nìyẹn, ọmọ Warri, ní Bẹ́líjíọ̀mù ni wọ́n ti pàdé. Obìnrin gíga, ìyẹ̀fun wà lápá rẹ̀ dé ìgúnpá, nítorí ó ń po ohun tí wọ́n fi ń ṣe wáfù, àkàrà òyìnbó kan tó rí bí àwọ̀n. Ó gbọ́ Yorùbá níwọ̀nba. Yorùbá tí èèyàn kọ́ lẹ́nu ọkọ ni, kì í ju ọ̀rọ̀ ebi àti ọ̀rọ̀ ìkẹ́ lọ.

"Mama, ẹ káàsán. Ta ni ọkọ yín?"

"Ẹni tó ni ibí ni, ọmọ mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn. Ṣòkòtò péńpé ni wọ́n ń wọ̀ nígbà yẹn. Èmi ni mò ń bu omi ìwẹ̀ fún wọn."

Testimony yí sí mi. "Baba, you hear wetin she talk?"

Mo ní òótọ́ ni, pé èmi náà mọ̀ ọ́n, pé Muideen ni. Ojú obìnrin náà yí padà wàyí. Inú yàrá wọn nìkan ni orúkọ yẹn ti ń jáde. Ó fi ọwọ́ ìyẹ̀fun gbá àyà mú, àmì ìka wà lára aṣọ rẹ̀.

"Àpótí yẹn ńkọ́?"

"Ẹrù ọkọ mi àgbà ni."

"Àgbà? So this one na junior?"

"Wọ́n pọ̀ nígbà yẹn," ni Sàfúrátù wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó rántí ilé tó kún. Testimony ò mọ ohun tó rántí.

Ó tẹ fóònù ọkọ rẹ̀. Orí káńtà lẹ́yìn rẹ̀ ló ti dún. Muideen ti gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀ lọ ra tòmátì ní Mile 12. Testimony pa fóònù tirẹ̀. Kì í ṣe obìnrin burúkú o, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi Yorùbá àti pijin lọ́ ọ pọ̀, ó ní tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni Mama wí, kí Mama dárúkọ ọkùnrin náà fún òun, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Kì í ṣe ẹnu Baba ni òun ti fẹ́ gbọ́ ọ, ẹnu Mama ni. Tó bá ti gbọ́ ọ, a lè wọlé, ká ta àpótí wa títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí ọkọ òun bá dé, kó wá ṣàlàyé.

Orúkọ lásán. Mo sún mọ́ Sàfúrátù létí.

"Pè é lẹ́ẹ̀kan péré. Ọlọ́run á fojú fò ó."

"Bàbá Súmbọ̀, kí n dárúkọ wọn?"

"Àpótí ńkọ́? Ṣé o rántí Mende?"

"Mo rántí. Tí mo bá dárúkọ àbúrò ọkọ mi àgbà kí wọ́n tó jẹ́ kí n ta àpótí ọkọ mi àgbà, ta ni mò ń ta á fún?"

Mo há ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mi mọ́ abíyá. Inú ilé nígbà yẹn, Bartholomew, afọnsasofóònù ará Gbàgádà, bẹ̀rẹ̀ sí í dán ohun èlò rẹ̀ wò, fùù, fùù. Ohùn tó kọ́kọ́ dún níbẹ̀ nìyẹn o. Sàfúrátù gbọ́ ọ. Ó tún òṣùká rẹ̀ ṣe, ó ní kí n bá òun gbé àpótí padà sórí, ó kí Testimony dáadáa pé ó dàbọ̀, kó kú iṣẹ́, a sì yíjú sọ́nà Kétu.

A ò tíì rìn jìnnà nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró níwájú wa. Ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátì láyà. Irun orí rẹ̀ ya gérégé. Sàfúrátù ní kí n bá òun sọ àpótí kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, lójú títì Ìkòsí, fún ọkùnrin tó jẹ́ pé òun ló ń fún un ní ẹ̀kọ mu ní kékeré.

"Ajísafẹ́, ẹ kú ọjà o."

Tòmátì dà sílẹ̀. Bí mo bá ní ọ̀kan yí dé Ọjọ́ta, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Muideen ń pè, "Ìyàwó mi, ìyàwó mi, ibo lẹ wà látijọ́ yìí, fóònù yín ò lọ," ó ń fà á dìde, Sàfúrátù ò sì dìde, nítorí kò tíì kí i tán. Testimony àti Godwin ti sáré jáde. Gbogbo ohun tí Testimony rí nìyẹn: obìnrin àgbà lórí orúnkún, ọkọ rẹ̀ tó ń pe obìnrin náà níyàwó pẹ̀lú omi lójú.

"So na true," ló sọ. Ohùn rẹ̀ ò ròkè.

Muideen wò ó, ó wo Sàfúrátù, ó sì yé e. Mo rò pé ó máa bínú. Ẹ̀rín ló pa á, ó di ògiri mú.

"Testimony, na my brother wife be this. Rahmon. The one wey I tell you about. For our side, if woman marry one person, all of us na her husband."

"All of una?"

"Títí kan ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀," ni Muideen wí.

Testimony fi ìka ṣírò ọ̀rọ̀ náà. "So me wey marry you, who be my husband join?"

Sàfúrátù ló dá a lóhùn, ó ti dìde, ó ń gbọn eruku orúnkún. "Ọmọ mi Ọláńrewájú ni. Wọ́n ti bí i kí o tó dé. Mende ló wà. Ó sanra díẹ̀, ṣùgbọ́n ó níwà. Ìwọ náà, ìyàwó mi ni ọ́."

Testimony ní kí ọkọ òun bá òun túmọ̀ rẹ̀, kó má fo nǹkan kan. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó gbé apá kan àpótí náà fúnra rẹ̀. Ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ wà lára igi rẹ̀ títí di òní, ẹ lọ wò ó.

Àwọn èèyàn dé ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń jẹ ṣípìsì pòtétò nínú ìwé tí wọ́n ká bí ìwo, tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ funfun kan jẹ. Wọ́n ń gbé ìṣáwùrú òkun wá nínú ìkòkò dúdú, òórùn sẹ́lẹ́rì, ewé ọbẹ̀ àwọn òyìnbó, ń ta sókè. Mo jẹ ìkòkò kan. Ìkarahun tí mo dà sílẹ̀ tó láti dí ihò ojú títì wa ní Kétu. Bartholomew, ọmọlúàbí ọkùnrin, ti kó ohun èlò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Sàfúrátù jókòó, mọ́ọ̀tì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé àpótí lé itan bí Rahmon ṣe máa ń gbé e. Mo mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ohùn Abẹ́ Máńgòrò mọ́. Òrùlé wà lókè báyìí, gíláàsì ń dá ohùn padà, ahọ́n irin kan sì ti rọ̀. Àwọn kan ò gbé ojú kúrò nínú fóònù wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé àárín orin, Sàfúrátù bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn ọkọ rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe é látijọ́ nìyẹn: á pe orúkọ tó fún ẹnì kan, á dá ọwọ́ dúró, onítọ̀hún á dáhùn lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, orin á sì tẹ̀síwájú.

Ó ní, "Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́." Ó dá ọwọ́ dúró. Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ ti wà lábẹ́ ilẹ̀ tipẹ́. Ó ní, "Eyínfúnjowó." Ó dúró. Ó ní, "Ìbàdíàrán." Ó dúró. Ṣíbí ń kan àwo. Mo fẹ́ bá wọn dáhùn, ẹnu mi ò gbà á, èmi kì í ṣe ọkọ.

Ó ní, "Ajísafẹ́."

Muideen wà lẹ́yìn káńtà, ó ń rọ ọtí sínú ife. Hóhò ọtí náà kún, ó dà lé e lọ́wọ́, kò gbé ìgò kúrò.

"Ẹ̀ẹ́n, ìyàwó mi."

Orin tẹ̀síwájú.

Ọláńrewájú wá lọ́jọ́ Monday pẹ̀lú ọkọ̀ ẹrù. Ó kó bẹ́ẹ̀dì, ó kó ìkòkò, ó kó ìyá rẹ̀. Àpótí ò bá wọn lọ. Ó wà lẹ́yìn káńtà n'Íkòsí, láàárín àwọn ife. Ní ìrọ̀lẹ́ Saturday, Testimony fúnra rẹ̀ ló ń wa mọ́tò lọ gbé Sàfúrátù wá láti Mende. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí ìyáálé òun máa wọ kẹ̀kẹ́.